Gílóòbù Wo Gan-an Ló Ń Jẹ Owó Yín?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orogún. Ọ̀rọ̀ iná ni. Ẹ má rò pé ó kéré o, torí ó ti fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kan ní Ẹdẹ Màpó Arógun.

Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Òkè Gada, ní Ẹdẹ, ló kọ lẹ́tà sí wa. Mo gé e kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò. Ó ní:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti bàálé mi. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mítà kan náà la sì ń lò. Owó tí a fi ń ra yúnìtì ti di ẹrù lórí wa. Fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì gígùn méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ wọn ni mo ti ń ránṣọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bàálé mi ní àwọn ni olè tó ń jẹ yúnìtì wa, ó ní kí n yọ wọ́n dànù, kí a máa lo LED. Ó lọ ra gílóòbù LED mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní gáréèjì, owó pọ́ọ́kú. Kò pé oṣù kan tí mẹ́rin fi kú nínú wọn. Mo wá ní irọ́ gbáà ni LED. Láti ọjọ́ náà, bí yúnìtì bá ti tán báyìí, ìjà dé nìyẹn. Gílóòbù pupa tó ń tàn mọ́jú níta wa nítorí olè, òun nìkan ni kò fa wàhálà. Bàbá, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?"

Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú gègé. Ẹjọ́ tí mo dá rèé: ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì jẹ̀bi díẹ̀. Ṣùgbọ́n olè tí ẹ ń wá kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rárá. Ẹnu ọ̀nà ìta ló dúró sí, ẹ sì ń pè é ní ọdẹ! Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍLÉ ẸJỌ́

Irú iná mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìkọ̀ọ̀kan wọn kí a tó dá a lẹ́bi.

Àgbà inú wọn ni gílóòbù àtijọ́ tó ń tan pupa, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní yẹ́lò. Wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná á gba inú wáyà yẹn kọjá, wáyà á gbóná janjan títí á fi pọ́n bí irin nínú ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ṣé ẹ rí i? Ooru ló ń dá, ìmọ́lẹ̀ kàn ń bá a jáde ni. Bí a bá pín ohun tó ń jẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́sàn-án ló ń di ooru. Ẹ bi àwọn tó ń sin adìẹ wò. Irú gílóòbù yìí ni wọ́n ń so sókè orí ọmọ adìẹ kí òtútù má baà pa wọ́n. Tó bá jẹ́ ọmọ adìẹ lẹ ń sìn, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ ń yá iná fún níta gbangba lóru?

Ìkejì ni fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì. Ilé iṣẹ́ General Electric ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1938. Kì í ṣe wáyà pípọ́n ló ń mú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú túùbù náà pẹ̀lú mákúrì díẹ̀. Bí iná bá gba àárín wọn kọjá, wọ́n á mú ìtànṣán kan jáde tí ojú wa kò lè rí. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n fi kun inú túùbù ló ń sọ ìtànṣán náà di ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí. Kó tó lè tàn, ó ń fẹ́ sítátà tó máa ta á jí, ó tún ń fẹ́ ṣóòkù, páálí irin wíwúwo tó ń kùn hùn-ùn lókè yẹn, kí iná má baà ya wọ inú rẹ̀ jù. Ẹ má gbàgbé o: ṣóòkù náà ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Énájì sévà, gílóòbù funfun tó ká bí ejò yẹn, àbúrò fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ni. Túùbù kan náà ni, wọ́n kàn ká a kó ni. Mákúrì wà nínú òun náà.

Ìkẹta ni LED. Kò sí wáyà pípọ́n, kò sí afẹ́fẹ́, kò sí mákúrì nínú rẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ kékeré bí hóró ìrẹsì ni, tí iná bá ti kàn án, á tàn. Kì í ṣe àlejò sí wa bí a ti rò. Iná pupa bín-íntín tó máa ń tàn lára rédíò kásẹ́ẹ̀tì láyé ijọ́un, LED ni. Nick Holonyak ní Amẹ́ríkà ló ṣe èyí tó ń tan pupa ní 1962. Ṣùgbọ́n àwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣòro fún wọn láti ṣe fún bí ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ láìsí búlúù, kò sí bí wọ́n ṣe lè rí funfun mú jáde. Ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n jà á já, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014. Iná tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọgbọ̀n ọdún wá, òun ni a ń kiri ní gáréèjì lónìí.

IṢẸ́ NI KÍ Ẹ BÈÈRÈ, KÌ Í ṢE OÚNJẸ

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé bí a bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Wáàtì mélòó ni?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó wa, tí ẹ bá fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣé iye ẹ̀kọ tó ń jẹ lẹ máa bi í ni, àbí iye aṣọ tó lè rán lójúmọ́? Wáàtì ni iye tí gílóòbù ń jẹ. Iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde, lúmẹ̀n ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wá lẹ́tà méjì yìí lára páálí rẹ̀: "lm".

Ẹ wá gbọ́ o. Gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 60, énájì sévà tó ń jẹ wáàtì 14, àti LED tó ń jẹ wáàtì 9, ìmọ́lẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ẹ̀ dọ́gba, nǹkan bí 800 lúmẹ̀n. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jẹ odidi ìṣáásùn, ìkejì ń jẹ abọ́ kan, ìkẹta ń jẹ ṣíbí díẹ̀.

Ọjọ́ orí wọn náà yàtọ̀. Gílóòbù àtijọ́ ń lo nǹkan bí wákàtí 1,000 kó tó jó. Énájì sévà tó dára lè lo 8,000. LED ojúlówó lè lo 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ojúlówó o. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, a máa padà sórí rẹ̀.

ÌṢIRÒ ILÉ YÍN RÈÉ

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ nípa iná ní Poly Ẹdẹ, ẹ pè é kó bá yín ṣe é. Yúnìtì kan ni ohun tó ń jẹ wáàtì 1,000 máa jẹ ní wákàtí kan. Iye tí à ń san lórí yúnìtì kò dọ́gba láti àdúgbò kan sí òmíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná sọ owó yúnìtì kan di ₦225 láti ₦68 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Láti ìgbà náà ni iye yẹn ti ń lọ sókè sódò. Àwọn tó wà ní Band yòókù kò san tó bẹ́ẹ̀. Ríṣíìtì tí ẹ fi ra yúnìtì lọ́wọ́ IBEDC ni kí ẹ wò láti mọ tiyín. Kí ìṣirò wa lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a fi yúnìtì kan sí ₦200. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó dín in kù bó ṣe yẹ. Kí a sì ṣe bí ẹni pé NẸ́PÀ kò mú iná lọ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín á pa yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin kan ń jẹ wáàtì 36. Ẹ fi bíi 9 tí ṣóòkù ń jẹ kún un, ó di 45. Méjì jẹ́ 90. Tí ẹ bá tan wọ́n fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́, yúnìtì 16.2 ni, owó rẹ̀ ₦3,240. Túùbù LED tó gùn bákan náà ń jẹ wáàtì 18. Méjì lóṣù jẹ́ yúnìtì 6.48, owó rẹ̀ ₦1,296. Èrè tí ẹ máa jẹ lóṣù: ₦1,944. Nítorí náà, bàálé wa kò parọ́. Ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wọlé. Ká ní énájì sévà mẹ́ta ló wà nínú yàrá àti pálọ̀, tí ẹ ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́. Yúnìtì 6.3 lóṣù, ₦1,260. Tí ẹ bá fi LED rọ́pò gbogbo wọn, yúnìtì 4.05, ₦810. Èrè: ₦450 péré. Ṣé nítorí ₦450 lèèyàn máa fi yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ sọ nù, kó tún lọ fi owó ra òmíràn?

Ó wá ku ọ̀gbẹ́ni tó dúró síta. Ẹ kò sọ iye wáàtì rẹ̀, àmọ́ 100 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé síta. Láti aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, wákàtí méjìlá ni. Lóṣù kan, yúnìtì 36! Owó rẹ̀ ₦7,200. Òun nìkan ń jẹ ju fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì méjèèjì àti énájì sévà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀. Ẹ fi LED wáàtì 9 sí ipò rẹ̀, èyí tó tó láti fi rí ojú ẹni tó ń bọ̀, ó di yúnìtì 3.24, ₦648. Èrè: ₦6,552 lóṣù.

Ìyàwó wa, bàálé wa, ṣé ẹ ti rí olè náà báyìí? Ẹ ń bá ara yín jà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹun lọ níta. Bí ẹyọ gílóòbù kan ṣoṣo bá wà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ lónìí, òun ni.

KÍ LÓ PA LED MẸ́RIN YẸN?

Ẹ̀yin ìyá oníṣọ̀ọ́bù, ibí ni ọ̀rọ̀ tiyín ti wọlé. Lóòótọ́ ni LED mẹ́rin kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé LED jẹ́ irọ́. Hóró inú LED kì í tètè kú. Ohun tó ń kú ni ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdí gílóòbù, tó ń bá a wọ́n iná. Nǹkan méjì ló ń pa á. Àkọ́kọ́ ni ooru. Bí ẹ bá fi LED sínú ìbòrí dígí tí kò ní ihò, tàbí tí ẹ gbé e mọ́ páànù tí oòrùn ti yan láti àárọ̀, ooru á jẹ ẹ̀rọ yẹn pa. Ìkejì ni iná tó ń dé pẹ̀lú agbára jù. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ẹ pa súwíìṣì, kí ẹ jẹ́ kó pé bí ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tó bá dé kí ẹ tó tàn án. Àwọn tó ń ṣe LED pọ́ọ́kú kì í fi ohun tó lè gba ìyà sí ìdí rẹ̀ rárá. Ojú ọ̀nà lèèyàn ti ń rà á, ojú ọ̀nà náà ló ń kú sí.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ ojúlówó? Ẹ ra á níbi tí ẹ lè dá a padà, níbi tí oníṣòwò máa kọ ọjọ́ sí i lára pé tó bá kú kí ó tó pé báyìí, òun máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ lúmẹ̀n sí i. Èyí tí wọ́n kọ wáàtì nìkan sí, ẹ fura. Ẹ wá iye fóòtì rẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n kọ 85-265V sí máa ń fara da iná wa tó ń ṣe ségesège ju èyí tí wọ́n kọ 220-240V sí lọ. Ẹ ní kí wọ́n tàn án níṣojú yín, kí ẹ kọ kámẹ́rà fóònù sí i. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń yí lórí fóònù, iná náà ń ṣẹ́jú lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó máa fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó má rà á, orí lè máa fọ́ ọ.

OHUN TÍ TÉLỌ̀ MỌ̀ TÍ BÀÁLÉ KÒ MỌ̀

Mo mọ ìdí tí ìyàwó wa kò fi fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì wọn. Ẹni tó ń fi òwú dúdú ran aṣọ dúdú ló mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Túùbù gígùn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri, òjìji ọwọ́ kì í bo ojú abẹ́rẹ́. Tí ẹ bá yọ túùbù kúrò, tí ẹ gbé gílóòbù LED kékeré kan sí àárín ṣọ́ọ̀bù, ojú kan ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá. Ọwọ́ yín á máa bo aṣọ lójú. Nítorí náà, ẹ jàre níbẹ̀. Túùbù LED gígùn ni kí télọ̀ fi rọ́pò túùbù, kì í ṣe gílóòbù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ta àdìrẹ Òṣogbo, ẹ̀yin alánkárá àti aláṣọ òkè, ẹ mọ̀ pé oníbàárà lè ra aṣọ lábẹ́ iná, kó gbé e jáde sóòrùn, kó ní, "Èyí kọ́ ni mo rà." LED kan wà tó ń tan bí òyìnbó ọsàn, wọ́n máa ń kọ 3000K sí i lára. Òmíràn ń tan funfun gbòò bí ojú ọ̀sán, 6500K. Òmíràn tún wà láàárín wọn, 4000K. Ẹ tún wá ohun tí wọ́n ń pè ní CRI tàbí Ra. Kó má dín ní 80. Tàbí kí ẹ ṣe bí àgbà ọlọ́jà: ẹ mú gèlè kan dání lọ, ẹ wò ó lábẹ́ iná náà, kí ẹ tún wò ó ní gbangba.

Síbẹ̀, fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ní àléébù kan tí gbogbo wa mọ̀. Bí iná bá jẹ́ háfù kọ́rẹ́ǹtì, á máa ṣẹ́jú pàkàpàkà, kò ní tàn. LED tó gba 85V sókè á rọra máa tàn ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ o: ẹ má ṣe gba túùbù LED wá kí ẹ kàn ṣo ó mọ́ ojú túùbù àtijọ́ fúnra yín. Àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n yọ sítátà, àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n yọ ṣóòkù, kí wọ́n sì tún wáyà rẹ̀ tò. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó owó ọsibítù.

MÁKÚRÌ INÚ TÚÙBÙ

Bàálé wa ní kí wọ́n yọ fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì "dànù". Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá wọn wí lé lórí jù. Dànù síbo? Sórí ààtàn, kí àwọn ọmọ mú un, kí wọ́n fi ṣe idà, kí wọ́n fi gbá ara wọn kó fọ́ yángá?

Mákúrì inú túùbù náà májèlé ni. Mákúrì yìí kan náà ni NAFDAC ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má lò nínú ìpara tó ń bóra. Ó ń ba iṣan ara àti kíndìnrín jẹ́, ó sì léwu jù fún ọmọdé àti ọmọ inú oyún. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ìlú Minamata ní Japan, níbi tí wọ́n ti rí i ní 1956 pé àìsàn ń ba ọpọlọ àwọn tó ń jẹ ẹja etí òkun níbẹ̀ jẹ́, nítorí mákúrì tí ilé iṣẹ́ kan ń dà sínú omi. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe lórí mákúrì ní 2013. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn náà, wọ́n fẹnu kò ní 2022 àti 2023 pé énájì sévà àti fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì máa kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ṣíṣe wọn, kíkó wọn wọlé àti kíkó wọn jáde gbọ́dọ̀ dópin kí 2027 tó parí. Ẹ rí i pé ọjọ́ alẹ́ fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ti dé, ìjà kò sì sí níbẹ̀.

N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín o. Mákúrì inú énájì sévà kan kò ju nǹkan bí mílígíráàmù mẹ́rin lọ, ẹyọ kan tó fọ́ kò ní pa ilé run. Àpapọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí gbogbo wa ń jù sí ààtàn ni ewu. Òjò á wọ́ ọ lọ sódò, Ọ̀ṣun sì ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹdẹ.

Tó bá fọ́ nílé, ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ kó àwọn ọmọ àti aláboyún jáde. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí á fọ́n lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ká. Ẹ fi páálí líle kó àfọ́kù rẹ̀, kí ẹ fi ìwé tó tutù nu lẹ́búlẹ́bú tó kù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ dé e pa, kí ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ má dáná sun ún láéláé. Èyí tó kú láìfọ́, ẹ fi páálí rẹ̀ wé e, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ẹ̀YIN TÍ KÒ NÍ MÍTÀ, ẸYIN ỌLỌ́JÀ ALẸ́

Ẹnì kan á ní, "Bàbá, èmi kò ní mítà, ìwé owó ni wọ́n ń fún mi." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé fún irú yín, pípààrọ̀ gílóòbù kò ní dín iye tó wà lórí ìwé kù, torí kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí ẹ jẹ. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ bèèrè mítà. Lọ́jọ́ tí mítà bá dé, gílóòbù ìta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré ńkọ́? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò ti lọ, a mọ ohun tí ojú wa rí. Ẹ gbọ́ èyí: jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí gílóòbù kan ṣoṣo bá tilẹ̀ ni ẹ fi tàn, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí. Nítorí náà, LED lórí jẹnẹrétọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín epo kù. Ibi tí LED ti ṣe bẹbẹ ni pé ohun tó ń jẹ kéré débi pé bátìrì lè gbé e. Ẹ̀yin tó ń tajà alẹ́ ní Ọjà Tìmì àti ní Òwódé, gílóòbù LED tó ní bátìrì nínú, tí ẹ gba iná sí lára nílé lọ́sàn-án, á tàn lórí àtẹ yín fún wákàtí díẹ̀ láìsí ariwo, láìsí èéfín, láìsí epo. Èéfín àtùpà oníkẹrosíìnì kò ní wọ ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn yín mọ́.

ÌDÁJỌ́

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a pa á pọ̀. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo iná yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ.

Èkíní, gílóòbù àtijọ́ tó ń tan pupa, pàápàá èyí tó ń tàn mọ́jú. Ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ fi LED ojúlówó rọ́pò rẹ̀.

Ìkejì, túùbù gígùn tó ní ṣóòkù, tó bá jẹ́ pé ẹ ń tàn án fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Kí ẹ tó ra túùbù LED, ẹ pín owó rẹ̀ sí èrè oṣù kan. Ká ní wọ́n pè é ní ₦4,000, tí èrè orí túùbù kan sì jẹ́ ₦972 lóṣù, oṣù karùn-ún kò ní parí tó fi san owó ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni. Tí àpò kò bá gbà á nísinsìnyí, ẹ dúró di ìgbà tí túùbù tó wà ńlẹ̀ bá kú.

Ìkẹta, énájì sévà tó ṣì ń tàn. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Tó bá kú, ẹ ra LED.

Ìyàwó wa, ẹ bá mi kí bàálé wa. Ẹ sọ fún wọn pé ọgbọ́n orí wọn dára, ọjà tí wọ́n lọ ni kò dára. Kí wọ́n yọ gílóòbù ìta lálẹ́ òní kí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó tì. Owó tó bá ṣẹ́kù lóṣù méjì, kí wọ́n fi ra túùbù LED kan fún yín sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀yin náà, ẹ má pe LED ní irọ́ mọ́. Ọmọ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná kì í bẹ̀rù iná. Ó kàn yẹ kó mọ èyí tó ń jó owó rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ ka gílóòbù ilé yín lálẹ́ òní. Ẹ kọ iye wáàtì àti wákàtí wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí iná ayọ̀ má kú mọ́ wa lójú.